Ìgò mẹ́ta tí mo dà sí táǹkì dísù Hilux mi, àti ohun tí ojú mi rí

Ìgò oògùn dísù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà mọ́ dísù nínú táǹkì, ni mo ti rà láàárín ọdún méjì. Àkọ́kọ́ ṣe mí lóore díẹ̀, ìkejì ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìkẹta kò ṣe ibi, kò sì ṣe ire tí ojú mi tó. Àwọn èèyàn ti bi mí pé "ṣé kí n da á sí tèmi náà?" títí, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ẹni tó ń tà á ò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, mẹkáníìkì míì náà ò mọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù lọ, àwa tí à ń fi owó wa ra dísù ni gbogbo rẹ̀ ń já lé lórí.

Mi ò ní dárúkọ ìgò tí mo lò o. Wynn's wà, STP wà, Liqui Moly ti Jámánì wà, àwọn míì náà sì pọ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, àmọ́ orúkọ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú táǹkì, ohun tó wà nínú ìgò ni. Ìgò méjì tó jọra, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí lára, lè máa ṣe iṣẹ́ tó ta ko ara wọn pátápátá, ẹ ó rí i níwájú.

Ẹyin ni mo ń tà. Oko adìyẹ mi wà lọ́nà Ìṣẹ́yìn, Hilux 2.5 D-4D tó ń lo dísù ni mo sì fi ń kó ẹyin wọ Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti kó ẹyin rí mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá ń jẹ́ẹ̀kì, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kéréètì tó wà nísàlẹ̀ á ti máa ṣàn. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ kì í ṣe fáàrí lọ́dọ̀ mi, owó ilé ìwé ọmọ ni. Mo ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ tí mo ń kọ gbogbo lítà dísù tí mo bá rà sí, pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà tí mo bá ní nǹkan kan yí padà tàbí kò yí padà, inú ìwé yẹn ni mo ti rí i, kì í ṣe pé mo kàn rò ó lọ́kàn.

Ìgò àkọ́kọ́ ni èyí tó ń fọ ínjẹ́tọ̀, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà ti rin 190,000 kìlómítà nígbà yẹn, láàárọ̀ tí mo bá sítáàtì rẹ̀, sílóò rẹ̀ (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ò tíì rìn) kì í dúró, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí mo bá sì gbé ẹrù gun òkè, èéfín dúdú á tú sẹ́yìn débi pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi á fún fèrè. Bọ̀dá mẹkáníìkì mi ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èédú ló ti dì mọ́ ojú ínjẹ́tọ̀, kí n kọ́kọ́ dán ìgò wò ká tó máa tú u.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ẹnu ínjẹ́tọ̀ ní ihò wínníwínní, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, ìkọ̀ọ̀kan ò fẹ̀ ju kéèyàn to fọ́nrán irun orí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Ibẹ̀ ni dísù ti ń tú jáde bí ìrì, tó fi ń jó tán pátápátá. Tí èédú bá ti dí díẹ̀ nínú ihò wọ̀nyẹn, dísù ò ní fọ́n dáadáa mọ́, apá kan á tú púpọ̀, apá kan á tú díẹ̀, èyí tí kò jó tán ló ń di èéfín dúdú. Dísù burúkú máa ń fa èyí, ooru náà máa ń fà á, síǹkì náà sì wà níbẹ̀, irú síǹkì tí wọ́n fi ń bo páànù. Àwọn tó ń dán epo wò ní Yúróòpù ní ìdánwò kan tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì Peugeot ṣe, ìpín 1 síǹkì nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń fi sínú dísù, péré, ìyẹn sì tó kí ẹ́ńjìnnì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára. Ìdánwò yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn tó ń fọ ínjẹ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á da oògùn sí i, wọ́n á wò ó bóyá agbára á padà. Ó sì máa ń padà tí oògùn bá dára. Ẹni tó bá sọ fún yín pé omi aláwọ̀ lásán ni gbogbo ìgò wọ̀nyí, kò mọ̀ ọ́n.

Táǹkì tèmi ń gba nǹkan bíi 80 lítà. Mo ka ara ìgò, mo fi síríǹjì wọn ún, mo kọ́kọ́ da oògùn sílẹ̀ kí n tó ra dísù lé e lórí kó lè pòpọ̀, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún táǹkì mẹ́ta tẹ̀ léra. Ní táǹkì kìíní mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí ìkejì ń lọ sópin ni mo ṣàkíyèsí pé sílóò àárọ̀ ti dúró, kò gbọ̀n mọ́, mo tiẹ̀ rò pé ojú ọjọ́ tó móoru ló fà á. Ní ìkẹta, mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè kí n fi ẹrù gùn ún, ó ní "Màámi, èéfín wà, àmọ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀." Ìyẹn ni oore tó ṣe, oore gidi ni, mi ò ní fi bò.

Àmọ́ epo tó ń jẹ ò yí padà. Ó ń rin kìlómítà 9.6 lórí lítà kan tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn táǹkì mẹ́ta ó di 9.8, ẹrù ọjọ́ kan sí òmíràn lásán tó láti fa ìyẹn. Ara ìgò sì kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé ó ń dín epo kù. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí àyíká, EPA, ti dán nǹkan tó ju 100 lọ wò nínú àwọn ohun tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn pé ó ń dín epo kù, wọn ò rí èyí tó dín in kù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Torí náà tó bá jẹ́ owó dísù lẹ fẹ́ ṣẹ́, ẹ má torí ẹ̀ rà á. Ẹ wo atẹ́gùn táyà yín.

Ohun méjì tún wà tó yẹ kí n sọ nípa irú yìí. Ínjẹ́tọ̀ tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ, tó ti ń jò, kò sí ọṣẹ tó lè dá irin tó ti jẹ padà. Ìkejì, ọkọ̀ tó ti pẹ́ tí ìdọ̀tí ti dì sínú táǹkì rẹ̀, oògùn yìí lè tú ìdọ̀tí yẹn sílẹ̀, ibi tó máa lọ ni fíltà, nítorí náà ẹ ra fíltà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn táǹkì kejì tàbí ìkẹta. Mo pààrọ̀ tèmi, èyí tí wọ́n tú jáde ti dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀.

Ó dáa, ìgò kejì. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ti rọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin, mo ra dísù 60 lítà ní ilé epo kan. Mi ò tíì rin 30 kìlómítà tí iná fíltà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná yẹn kì í ṣeré, ohun tó ń sọ ni pé omi ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíltà dísù, ó ti dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Ohun tó yẹ kí n ṣe wà nínú ìwé ọkọ̀: kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n tú nọ́ọ̀bù kékeré tó wà nídìí fíltà, kí n tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ títí omi yẹn á fi jáde tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Mi ò ṣe é. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta páátì, ọmọ tó wà níbẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ ṣí nǹkan kan, èyí á fa omi yẹn gbẹ." Ó gbé ìgò lé mi lọ́wọ́, mo da á sí táǹkì, kí n tó délé iná ti kú. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ fóònù ẹnìkan pé kóun náà lọ ra irú ẹ̀, ó dùn mí títí dòní pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi méjì ni oògùn tó ń rí sí omi nínú dísù. Ọ̀kan ń jẹ́ kí omi ya kúrò lára dísù kíákíá, kó rọ̀ sísàlẹ̀, kí fíltà lè mú un, kí ẹ sì da á nù. Èkejì ń fọ́ omi yẹn sí wẹ́wẹ́, á pò ó mọ́ dísù, kó lè gba inú fíltà kọjá lọ jó nínú ẹ́ńjìnnì. Méjèèjì ló máa kọ sára pé òun ń mú omi kúrò. Èkejì ni wọ́n tà fún mi. Sẹ́ńsọ̀ yẹn kò mọ̀ ju omi tó bá rọ̀ sílẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ, nígbà tí omi ò rọ̀ sílẹ̀ mọ́, iná kú. Omi ò lọ síbì kankan. Ó ń gba ara ínjẹ́tọ̀ mi kọjá lójoojúmọ́.

Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 àtijọ́ ni, bóyá á fara dà á. Bàbá kan tó wa 911 fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, àdúgbò kan náà la ń gbé, sọ fún mi pé àwọn máa ń bu kẹrosíìnì sí dísù fọ nọ́sù, ìyẹn ẹnu ínjẹ́tọ̀, nǹkan kan kì í ṣe é. Mo gbà wọ́n gbọ́. Nọ́sù ti ìgbà yẹn, nǹkan bíi 200 bar ló fi ń ṣí, bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí dísù fi ń tì. Tèmi yìí ju 1,300 bar lọ, àwọn ọkọ̀ tuntun tiẹ̀ ti kọjá 2,000. Irin méjì tó ń fi ara wọn rìn nínú ínjẹ́tọ̀ mi, àlàfo àárín wọn ò ju ìwọ̀n máíkírọ́ọ̀nù mélòó kan lọ, irun orí kan ṣoṣo sì tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Dísù fúnra rẹ̀ ni òróró tó ń jẹ́ kí irin yẹn máa yọ̀, kò sí òróró míì níbẹ̀. Tí omi bá wá gba ipò dísù, irin á máa ha irin. Tó bá dé ẹnu ínjẹ́tọ̀ tó gbóná bí iná, omi yẹn á di ooru lójijì, á bú, á máa bu irin jẹ. Tí ẹ bá tún páàkì ọkọ̀ mọ́jú, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro láti sítáàtì láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ló ń jẹ́ẹ̀kì. Kéréètì 11 ló fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹyin ń ṣàn láti inú bọ́dì ọkọ̀ sílẹ̀ títì ní Mọ́níyà, àwọn èèyàn ń wò mí.

Bọ̀dá mẹkáníìkì mi dé, kò tú nǹkan kan, ìdí fíltà ló kọ́kọ́ ṣí sínú ike omi tí ara rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní "Ẹ wò ó, Màmá." Bí omi bá wà nínú dísù lásán, tẹ́ ẹ bá gbé ike yẹn kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, dísù á wà lókè pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, omi á wà nísàlẹ̀, á mọ́ kedere, ìlà tó wà láàárín wọn á dà bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo inú ike yẹn funfun bí omi ògì láti òkè délẹ̀. A gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a jókòó, a mu mínírà, ó tó ogójì ìṣẹ́jú, ó ṣì funfun. Mo ń wò ó, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń wọ ẹ́ńjìnnì mi láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣe pọ́ǹpù àti ínjẹ́tọ̀ la gbé e lọ. Wọ́n fa rọ́bà tín-ín-rín mẹ́rin jáde lára ínjẹ́tọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ki ìkọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré, wọ́n sítáàtì ọkọ̀. Dísù tí ínjẹ́tọ̀ bá dá padà ló ń wọ inú ìgò yẹn, tí ínjẹ́tọ̀ bá dára, díẹ̀ ló ń dá padà, tó bá ti jẹ, á máa da púpọ̀ padà dípò kó fún ẹ́ńjìnnì. Ìgò kìíní àti ìkẹrin, ìsàlẹ̀ lásán ni dísù wà. Ìkejì ti dé ìdajì. Ìkẹta ti fẹ́ kún dé ọrùn. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n wá tú ìkẹta, wọ́n mú abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo rí i, irin tó yẹ kó máa dán bí dígí, ilà ha á lára láti òkè délẹ̀, ìpẹtà sì tò sí i bí ẹni fi ẹnu pẹ́ńsùlù tọ́ ọ. Ọ̀gá yẹn nù ún, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní "Màmá, ẹ má fún ẹ́ńjìnnì lómi mu mọ́, ẹ máa da á nù ni."

Ínjẹ́tọ̀ méjì ni mo rà. Èrè ẹyin bí oṣù méjì ló bá a lọ, ká má sọ ẹyin tó fọ́. Tí wọ́n bá sì fi tuntun sí i, ó ní nọ́ńbà tó wà lára ìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sikánà tẹ̀ sínú ọpọlọ ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè mọ bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń tú epo. Tí mẹkáníìkì yín bá kàn dì í mọ́ ọn láìṣe èyí, ẹ bi í léèrè.

Ìgò kẹta ni wọ́n ní ó ń fún dísù ní òróró, tó tún ń jẹ́ kó tètè jó. Mo rà á nítorí ìbẹ̀rù, lẹ́yìn tí mo ti fojú rí abẹ́rẹ́ yẹn. Kí n tó rà á mo kọ́kọ́ kà nípa dísù wa, ohun tí mo kà sì mú inú bí mi. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan láti Switzerland fi hàn pé òfin Nàìjíríà gba kí dísù ní sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) tó tó 3,000 ppm, ìyẹn ìpín 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tó jẹ́ pé 10 ppm ni Yúróòpù ń gbà láti 2009. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2016 yẹn ni Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò pé àwọn ò ní gbà ju 50 ppm lọ mọ́ nínú èyí tí wọ́n ń kó wọlé. Sọ́fọ̀ tó bá jó máa ń di ásíìdì, ásíìdì yẹn ń wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó ń ba ọ́ìlì jẹ́ ṣáájú àkókò. Kò sí ìgò kankan tẹ́ ẹ máa dà sí táǹkì tó máa yọ sọ́fọ̀ kúrò, ilé ìfọpo ló ń yọ ọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa ni ká tètè máa pààrọ̀ ọ́ìlì, 5,000 kìlómítà ni mò ń pààrọ̀ tèmi, mi ò dúró de 10,000.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń yọ sọ́fọ̀ yẹn ní ilé ìfọpo, wọ́n tún ń yọ àwọn nǹkan tó ń jẹ́ kí dísù máa yọ̀ mọ́ ọn. Dísù tó mọ́ jù lè gbẹ. Nítorí náà wọ́n máa ń da oògùn òróró padà sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń wọn ún: bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ni wọ́n ń fi ha pẹlẹbẹ irin nínú dísù, lẹ́yìn náà wọ́n á wọn ojú egbò tó dá sára bọ́ọ̀lù yẹn. Ní Yúróòpù egbò náà ò gbọdọ̀ ju máíkírọ́ọ̀nù 460 lọ, ní Amẹ́ríkà 520. Dísù tó dé láti ibi tó dára ti kọjá ìdánwò yẹn kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n bu kẹrosíìnì là ńkọ́? Ìyẹn ti gbẹ, torí kẹrosíìnì ò lóròóró. Níbí yìí ni mo ti rò pé ìgò kẹta lè wúlò fún ẹni tí kò mọ ibi tí dísù rẹ̀ ti wá. Dangote ti ń ṣe dísù ní Lekki láti oṣù Kíní 2024, àmọ́ ìrìn tó wà láàárín Lekki àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bu fún ẹ lójú ọ̀nà jìn díẹ̀.

Mo lò ó fún táǹkì mẹ́rin. Ìró ẹ́ńjìnnì ò yí, epo tó ń jẹ ò yí, èéfín ò yí. Mi ò wá fi ìyẹn bá ìgò náà jà, torí irin tí kò jẹ kì í pariwo, kò sí béèyàn á ṣe gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kó tètè jó yẹn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní cetane, ó ń sọ bí dísù ṣe ń tètè gbiná tó lẹ́yìn tó bá ti tú jáde, Yúróòpù ní kò gbọdọ̀ dín ní 51, Amẹ́ríkà gba 40. Àǹfààní rẹ̀ máa ń hàn jù níbi tí òtútù wà, tí ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ sítáàtì. Nínú ooru Ìbàdàn, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ náwó.

Ọ̀rọ̀ òtútù yìí rán mi létí àbúrò mi tó ń wa tírélà ní Chicago. Lọ́dọ̀ tiwọn, oògùn dísù kì í ṣe àṣàyàn nígbà yìnyín, torí dísù ní ọ̀rá nínú, tí òtútù bá mú gan-an ọ̀rá yẹn á dì bí òrí, á dí fíltà, ọkọ̀ á kú sójú títì. Ó ní kí òtútù tó dé ni wọ́n ti ń da á sí i, tí dísù bá ti dì tán, irú èyí tí wọ́n máa ń dà tẹ́lẹ̀ yẹn ò wúlò mọ́. Mo sọ èyí torí pé mo rí ìgò òtútù gan-an lórí ṣẹ́ẹ̀fù ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ń tà á fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò ní rí yìnyín láéláé, owó rẹ̀ sì ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa dísù ní London tàbí tẹ́ ẹ ra tòkúnbọ̀ tí fíltà èéfín ṣì wà lára rẹ̀, ẹ yẹra fún ìgò tó bá ní irin nínú, bíi ferrocene, àyàfi tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ yín bá ní kẹ́ ẹ lò ó. Irin kì í jó tán, eérú rẹ̀ ló ń kún fíltà yẹn. Lóòótọ́, Peugeot fúnra wọn lo cerium, irú irin míì, láti 2000 lórí ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ 607 kí èéfín lè tètè jó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe táǹkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ̀ ló ń wọn ún fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ iye kìlómítà tí wọ́n á tú fíltà yẹn fọ̀ tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn máa dà á láti inú ìgò pẹ̀lú ojú. AdBlue náà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oògùn dísù o. Omi àti yúríà tí wọ́n fi ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ ni, yúríà 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ihò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì da á sínú táǹkì dísù, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ yẹn rárá, ẹ pe ẹni tó máa fa táǹkì gbẹ.

Tí n bá fún wọn ní máàkì: èyí tó ń fọ ínjẹ́tọ̀, 3 nínú 5, fún ọkọ̀ tí ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ dọ̀tí, tí kò tíì jẹ. Olóròóró, 2, ó lè jẹ́ 3 fún ẹni tó ń ra dísù káàkiri. Èyí tó ń pò omi mọ́ dísù, òdo ni mo fún un lórí ọkọ̀ dísù òde òní, mi ò sì ní fi fún ọ̀tá mi. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sọ pé kẹ́ ẹ má da nǹkan kan sí dísù, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú wáráńtì, kó gbọ́ ti ìwé yẹn, torí wọ́n lè fi ìgò yín kọ́ ẹjọ́ lé yín lọ́rùn. Ẹ má sì rò pé tí ìgò kan bá tó fún táǹkì kan, méjì á dára jù. Ohun tó ń fọ èédú lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ rọ́bà.

Lọ́wọ́ mi báyìí, fíltà dísù ni owó tí mo fi ń ra ìgò ń lọ sí. Ilé epo méjì péré ni mo ń ra dísù, mi ò sì ń rà á lọ́jọ́ tí tírélà bá ń já epo sí táǹkì wọn, torí ìdọ̀tí àti omi ìsàlẹ̀ á ti rú sókè. Ní gbogbo Sátidé ni mò ń ṣí ìdí fíltà díẹ̀ sínú ike, màá gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn. Ìgò kan tó ń fọ ínjẹ́tọ̀ wà lábẹ́ ìjókòó, tí mo bá dé 215,000 kìlómítà ni màá dà á sí i, ó ku nǹkan bíi 1,400. Ike yẹn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sátidé tó kọjá tí mo gbé e sí oòrùn, dísù nìkan ló wà nínú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.